Tanwíjí Inú Amù Ìyá Sìkírù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wolé-wolé bá máa wọ àdúgbò wa n'Ísọlọ̀, òórùn karosíìnì ló máa ń jí wa. Àwọn ìyá wa á ti dà á sínú gọ́tà kí ẹ̀fọn má bàa ráyè níbẹ̀. Wọn á gbá ẹ̀yìnkùlé, wọn á fọ ìdí amù, ẹni tó sì ti ń bá orogún rẹ̀ yan odì láti oṣù mẹ́ta á yá a ní ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní tíì gbàgbé. Wolé-wolé kì í ṣe ẹni à ń bá ṣàwàdà nígbà náà. Wọ́n á wọ ṣòkòtò kaki, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sínú amù, bí wọ́n bá sì rí tanwíjí kan péré, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi yẹn, olómi á dé kóòtù.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá Sìkírù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ẹ̀kọ ló ń ṣe tà, nítorí náà amù rẹ̀ ló tóbi jù nínú ọgbà. Ẹnu rẹ̀ náà ò kéré. Òun ló rí mi ní tèṣàn Òṣòdì níbi tí mo ti ń wo ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí bàbá mi rò pé ilé kéú ni mo wà, ó sì ti ro ẹjọ́ mi tán kí n tó délé. Ìdúró ni mo fi jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Mo pinnu pé n ó fojú ìyá yìí rí màbo.

Tíṣà wa ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Ó bu tanwíjí sínú ife onígíláàsì wá sí kíláàsì, ó ní ká wò ó dáadáa ká lè máa dá a mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́dún yẹn, òun nìkan ni mo lò. Nígbà tí a gbọ́ pé wolé-wolé ti wà lápá Òkótà, pé ọ̀dọ̀ wa ló kàn lọ́la, mo mú agolo mílíìkì lọ sídìí táyà ògbólógbòó kan tí omi òjò dá sí, mo bu tanwíjí kún un. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, mo ṣí ọmọrí amù Ìyá Sìkírù, mo dà á sí i, mo sì lọ jókòó sídìí ògiri bí ẹni tó ń jẹ tẹ́sùbáà.

Ohun tí mi ò mọ̀ rèé. Ìyá mi ti bímọ lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa pọnmi sínú amù wa. Màá pọn garawa méjì, màá sá lọ ṣeré. Bí amù yẹn ṣe wá ń kún, mi ò bi ara mi léèrè. Ìyá Sìkírù ló ń kún un. Láràárọ̀ ló ń bu lára omi tirẹ̀ sí tiwa, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú mi ló ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ó bu garawa kan, ó bu èkejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ débi tí yóò fi rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò kúrò nídìí ògiri.

Kò pẹ́ tí wolé-wolé fi dé, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ amù wa, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá ní, “Ta ló ni amù yìí?” Ìyá mi jáde tòun tọmọ lọ́wọ́. Ọ̀gá náà ní ó di kóòtù. Ọjọ́ tó dá sì ni ọjọ́ tí a fẹ́ sọmọ lórúkọ gan-an. Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo ti rò pé òwe lásán ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Wallahi, mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi dúró síbẹ̀, egbò pàṣán tó kọjá ò sì tíì jiná.

Ìyá Sìkírù ló fi ẹ̀kọ sílẹ̀ lórí iná. “Ẹ má wulẹ̀ dààmú ìyá ọmọ. Omi mi ni. Èmi ni mo bù ú síbẹ̀. Ẹ wá wo tèmi.” Wọ́n wò ó. Tirẹ̀ tún pọ̀ jù. Wọ́n pa orúkọ ìyá mi rẹ́, wọ́n kọ tirẹ̀.

Òun ni bàbá mi ti ní kó gbé ọmọ lọ́wọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí àlùfáà ń pe orúkọ àbúrò mi, Ìyá Sìkírù wà ní kóòtù, ó ń bẹ adájọ́. Ẹlòmíì ló gbé ọmọ. Èmi jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, mo sì yó.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ìyá Onítanwíjí. Bó bá gbé igbá ẹ̀kọ kọjá, wọn á ní, “Ìyá Onítanwíjí, ṣé wọ́n ti jinná?” Àwọn oníbàárà rẹ̀ gbọ́. Àwọn kan ń tú ewé ẹ̀kọ wò fínnífínní kí wọ́n tó rà á, àwọn kan ò tiẹ̀ rà mọ́. Ó tó ọdún méjì kí ọjà rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Èmi náà bá wọn pè é. Ohùn mi ló ròkè jù, torí bí mi ò bá pè é, wọ́n lè fura sí mi. Lójú mi nígbà yẹn, ọgbọ́n ni.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, Ìyá Sìkírù ló wá bá mi wẹ ọmọ. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ lé e. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò tiẹ̀ dáwọ́ dúró.

“Ṣàrátù, mo mọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo rí agolo mílíìkì lẹ́yìn amù mi. Ta ló ń mu mílíìkì nínú ọgbà yẹn bí kì í bá ṣe bàbá rẹ?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?”

“Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá rẹ ì bá lù ọ́ lálùbami, ariwo á gba gbogbo ilé. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí.” Ó da omi lé ọmọ lórí. “Tanwíjí yẹn ò dùn mí. Bí àwọn ọmọ yẹn bá ń pè mí, ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́ láàárín wọn. Ìyẹn dùn mí.”

Mo sunkún gan-an. Ó ní kí n dákẹ́, pé ọmọ ń wò mí.

Mo ti ń gbé nítòsí Àgọ́ Palace báyìí, mo ní ilé, mo ní ayálégbé, mo ní tánkì omi. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ayálégbé mi kan da yanrìn sínú tánkì náà, mo sì rí i. Mo pe ìyá rẹ̀ jáde sí gbangba. Mo pariwo títí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi dúró wò wá. Ìyá náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀ mí, ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ìgbà tí mo wọlé tí mo jókòó ni mo tó rántí pé ó pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Ìyá Sìkírù ò tíì pé ogójì ọdún lọ́jọ́ tó ní omi òun ni. Èmi ti lé ní àádọ́rin, mi ò tíì dàgbà tó o.