Erùpẹ̀ Inú Ìkòkò Ìyá Mi

Bí mo bá di ojú lónìí, òórùn erùpẹ̀ tí a sá sóòrùn ni ó kọ́kọ́ máa ń wá bá mi, kí n tó rí ojú ìyá mi rárá. Lẹ́yìn náà ni èéfín rélùwéè yóò rọra gba orí òrùlé kọjá, gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Yábàá yóò sì dà bí ibi tí mo bá pàdé lójú àlá. Ó sì lè jẹ́ pé àlá ni díẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbàlagbà ni mí báyìí. Ohun tí mo rántí àti ohun tí ó wù mí láti rántí ti jọ ń gbé yàrá kan náà.

Ilé onílé ni a wà, yàrá méjì. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì lójúde. Onílé ti da símẹ́ńtì sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, kò sí onílé tí yóò ní kó máa fi owó ra ẹ̀fọ́ tó lè gbìn. Ó kó àwọn garawa kẹrosíìnì jọ, ó dá ihò sí ìdí wọn, ó kó àwọn ìkòkò tó ti sán kún wọn, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ata, ṣọkọ yòkòtò àti efinrin sínú wọn. Bí wolé-wolé bá dé láti wá tanwíjí inú omi tó dúró, ihò ìdí garawa ni ìyá mi kọ́kọ́ máa ń fi hàn án, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Erùpẹ̀ kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀fọ́ bá ti gbó, yóò fà á tu, yóò da erùpẹ̀ rẹ̀ sórí ẹní àtijọ́ kan, yóò fọ́ ọ wẹ́wẹ́, yóò ṣa gbòǹgbò kúrò, yóò sì fi í sílẹ̀ kí oòrùn lè pa kòkòrò inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, eérú ìdí àdògán ló kàn, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí a ti gún, àti èèpo iṣu tó ti jẹrà. Yóò pò ó pọ̀, yóò fi àpò tútù bò ó, yóò ní kó sinmi. Garawa tí ata bá wà lọ́dún yìí, ata kì í padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí mo bá ń kùn pé kí ló dé tí a kò lọ bu tuntun, yóò rẹ́rìn-ín.

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Erùpẹ̀ yìí jù ọ́ lọ. Kúnlẹ̀ kí i.”

Mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i ní tòótọ́.

Ìkòkò kan wà tí kì í da erùpẹ̀ inú rẹ̀ sórí ẹní. Ẹnu rẹ̀ ti bù, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan tí irúgbìn rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú wá ni ó máa ń hù nínú rẹ̀. Ìka ni ìyá mi fi ń tú erùpẹ̀ ibẹ̀, bí ẹni ń tú irun ọmọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìwọ́ mi wà níbẹ̀. Nígbà tí ó já lára mi, a kò ní ilẹ̀ tí ìyá mi lè rì í sí, kò sì fẹ́ rì í sí ilẹ̀ ẹni tó lè lé wa jáde lọ́la. Ó bá rì í sínú ìkòkò, kó lè máa gbé e kiri títí a ó fi ní ilẹ̀ tiwa. Bàbá mi nìkan ló sọ fún.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ara ìyá ìyá mi kò yá, ìyá mi sì lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ó fi ẹ̀fọ́ lé mi lọ́wọ́.

“Omi ni kí o máa bu sí i. Má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ta ló fẹ́ gbọ́? Tíṣà ti kọ́ wa nínú oko ilé-ìwé pé ilẹ̀ máa ń ṣá, ọgbọ́n tíṣà sì ga lójú mi nígbà náà ju ti ìyá mi lọ. Sátidé méjì ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo fi bàsíà ru gbogbo erùpẹ̀ àtijọ́ lọ sí ààtàn tó wà lẹ́yìn ojú irin. Ti ìkòkò ẹlẹ́nu bíbù ni mo rù kẹ́yìn. Mo lọ bu tuntun létí irà lọ́nà Ìgànmú, ó dúdú, ó ń dán bí irun tí a fi àdí pa. Orin ni mo ń kọ bọ̀ wálé. N kò mọ̀ pé omi ọ̀sà ń wọ ibẹ̀, pé iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, gbogbo ohun tí mo gbìn ti pọ́n bí ìyeyè, wọ́n sì kú.

Ìyá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹrù gàrí. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti to àlàyé mi. Kò tilẹ̀ wo àwọn garawa. Ìkòkò ẹlẹ́nu bíbù ló lọ bá tààrà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

“Erùpẹ̀ inú ìkòkò yìí dà?”

“Mo ti dà á nù, Màámi. Ó ti ṣá. Tíṣà ní...”

“Níbo lo dà á sí?”

“Ààtàn.”

Ó jókòó sórí símẹ́ńtì, láìtẹ́ nǹkan kan. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìwọ́ mi fún mi. Kò pariwo. Bí ó bá nà mí ni, ara ì bá tù mí.

“Ìwọ ni mo gbìn síbẹ̀,” ó ní. “Ilé kan ṣoṣo tí o ní ní Èkó nìyẹn.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fọwọ́ kan ìdodo mi lábẹ́ aṣọ, bóyá kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ó mú ajọ̀ èlùbọ́ rẹ̀, mo gbé ìkòkò náà, a kọrí sí ẹ̀yìn ojú irin. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ó ti gba eérú gbogbo àdúgbò, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìyẹ́ adìẹ, lé erùpẹ̀ wa lórí. Oòrùn ti ń rọ̀, èéfín rélùwéè dúró lórí koríko bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Mo gbà pé a ti pàdánù rẹ̀. Ìyá mi ń rìn yíká, ó tẹ orí ba, ó ń rìn, ó ń rìn. Lójijì ó dúró.

Láàárín eérú, tẹ̀tẹ̀ kéékèèké ti hù, ẹlẹ́sẹ̀ pupa, gẹ́lẹ́ níbi tí mo da bàsíà ìkẹyìn sí. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irúgbìn yẹn ní Yábàá. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́-ẹ̀kúnwọ́, ó ń fi ajọ̀ èlùbọ́ jọ̀ ọ́ sínú ìkòkò. Mo dúró tì í, n kò jẹ́ kó sinmi.

“Ṣé ẹ ti rí i, Màámi?”

“Kò tíì yọ.”

“Ṣé ẹ ti rí i?”

Ó ki ọwọ́ bọ inú ajọ̀, ó mú nǹkan kan, ó di ẹ̀ṣẹ́. “Òun nìyí! Mo ti rí i.” Kíá ló sin ín sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ojú mi yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò kékeré kan ni.

Mo gbé ìkòkò náà, mo tẹ̀ lé e lọ sílé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé láti ilé wa ló ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tí a ó rí. Ìwọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá? Ó ti di erùpẹ̀, ó ti di tẹ̀tẹ̀, a ti fi jẹ ẹ̀bà lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí pé mo fẹ́ kó rí i ni ó ṣe bá mi rí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí irọ́ yẹn ju gbogbo òtítọ́ tó sọ fún mi lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá mi ra ilẹ̀ ní Múṣin. Lọ́jọ́ tí a kó lọ, ìyá mi ru ìkòkò náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Kí a tó sọ ẹrù, ó ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti da erùpẹ̀ náà sí i. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí i. Mo ti ga ju ìyá mi lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

“Màámi,” mo ní, “mo rí gbòǹgbò yẹn lọ́jọ́ náà.”

“Mo mọ̀ pé o rí i,” ni ìyá mi wí. “Bu omi sí i.”