Fílítà ọkọ̀ ojú omi lára ọ̀kadà mi

Ẹ gbà mí o, kí n tó na mẹkáníìkì kan ní Ugbonla!

Ẹja tútù mi ti wà nínú yìnyín, Igbókọ̀dá ni mo ń gbé e lọ. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì ọ̀kadà mi kíákíá.

Ìgbà tí mo máa yíjú, fílítà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń kì bọ̀ ọ́! Ìdérí kọ̀, kò pa dé, ó wá fi rọ́bà sílípáàsì tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n dí i.

"Bọ̀dá, ọ̀kadà nìyí o!"

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe ọ́ìlì kan náà ni wọ́n ń mu ni?"

A ṣíná sí i. Gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀.

"Ẹ má kánjú, rọ́bà yẹn ló tínrín jù."

Kí n má kánjú kẹ̀? Yìnyín ń yọ́!

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ta ló ní fílítà ọ̀kadà gidi nítòsí? Kó pariwo síbí kí ẹja mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.