Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà Tí Mò Ń Sọ Ní Gbogbo Jímọ̀

Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi níbi tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú náà, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Jẹ́dà ni mò ń gbé, ní Al-Baghdadiyah, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. Mẹ́kà ni iṣẹ́ mi wà, ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Lárúbáwá bí a ṣe ń ṣírò ẹrù tí òpó ilé lè gbé. Àlọ ju wákàtí kan lọ, àbọ̀ náà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń gbọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jiyàn ìṣèlú lórí fóònù mi, lójoojúmọ́, títí mo fi mọ ohùn wọn ju ti àwọn aládùúgbò mi lọ. Ìyàwó mi a ní, "Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ wá dìbò ni?"

Bàbá wa ló fà á. Nígbà ayé wọn, bí a bá ti kí ìrun Jímọ̀ dé, wọn a pe gbogbo ilé jókòó sí pálọ̀, wọn a ṣàdúrà, wọn a wá fi ọ̀rọ̀ ìyànjú kan tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n jáde láyé, màmá wa ní èmi àkọ́bí ni kí n máa ṣe é. Àwa méjì péré ni màmá wa bí. Ẹbí sì ti fọ́n ká: èmi wà níhìn-ín, àbúrò mi obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, àwọn yòókù wà ní Ìwó àti Ìbàdàn. Mo wá ń sọ ọ̀rọ̀ Jímọ̀ náà sínú fóònù, mò ń fi ohùn mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíni, àdúrà, ìyànjú. Nígbà tó yá, ìyànjú náà di Amẹ́ríkà. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohun kan fún wákàtí méjì lójúmọ́, ohun náà ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò ní purọ́, mo gbádùn ara mi. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ wó òpó kan nínú ilé nítorí pé kò wù ú lójú, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí òpó náà gbé. Ohun tí apá kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe sí ìgbéyàwó, sí ilé ìwé, sí ẹ̀sìn nìyẹn: wọ́n ń wó òpó, wọn ò wo òkè. Mo bá àwọn tí èmi náà fara mọ́ wí pẹ̀lú. Mo ní ẹni tó ní òun ń dáàbò bo ìwà àtijọ́, tó wá ń bú èèyàn ní gbangba bí ọmọ ìta, ìwà wo ló ń dáàbò bò? Mo ní ìlú tí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìbò kò ti lè kí ẹni tó wọlé kú oríire, ìlú náà ń ṣàìsàn, ẹgbẹ́ yòówù kí onítọ̀hún wà. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ tí kì í bá òbí wọn jẹun mọ́ nítorí ẹni tí òbí dìbò fún. Jímọ̀ mẹ́ta léraléra ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn àgbà Ìwó ń dáhùn pé, "Àmín, ọmọ wa, ìmọ̀ rẹ á máa pọ̀ sí i." Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè ni mo máa ń fi kádìí rẹ̀. Lórí ìyẹn, mo rò pé èmi tí mo jẹ́ àjèjì gan-an ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìkámà, ìyẹn káàdì tí àlejò fi ń gbé Sọ́dì, kì í kúrò nínú àpò mi. Tó bá ti ku oṣù méjì kó parí, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ní Al-Ruwais, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, mo mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ní in, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé bí wọ́n bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ojú mi ni wọ́n ṣe kó mẹ́rin nínú wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan. Àánú wọn ṣe mí, síbẹ̀ mo ní òfin ni òfin. Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé ti fi ẹni tó tò sẹ́nu ọ̀nà ṣe ẹlẹ́yà. Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹbí, pé bí Amẹ́ríkà bá ní kí àwọn tí kò níwèé máa lọ sílé wọn, ẹ̀tọ́ onílé ni. Àbúrò mi a fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dáhùn. Kò fi ọ̀rọ̀ dáhùn rí.

Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, màmá wa wá fún Úmúrà. Wọ́n ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà wọn ní Ìbàdàn sì ti sọ fún mi pé ọkàn wọn ò lágbára mọ́. Ẹ̀jẹ́ kan ni wọ́n wá san. Ọjọ́ tí a sin bàbá wa ni wọ́n jẹ́ ẹ, pé kí àwọn tó kú, àwọn yóò dúró síwájú Kábà pẹ̀lú ọmọ àwọn méjèèjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni àbúrò rẹ ń bọ̀?"

Àbúrò mi kò wá. Lọ́jọ́ kan, ó ní ibi iṣẹ́ ò fún òun láàyè. Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ ò yá. Lọ́jọ́ kẹta, kò gbé fóònù. Inú bí mi. Ẹni tó ní ìwé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ilẹ̀kùn Sọ́dì kì í pẹ́ ṣí fún un. Orí fóònù lásán ni wọ́n ti ń gba físà tiwọn, nígbà tí àwọn ará Ìwó ń sáré kiri lẹ́yìn àwọn tó ń bá wọn ṣe é. Mo ní kí ló wá dé? Mo ní Amẹ́ríkà ti gbà á lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti kọ́ ọ pé òun nìkan ló ni ara rẹ̀.

Ní Jímọ̀ kejì tí màmá wa dé, mo gbé fóònù, mo sọ̀rọ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, gbogbo ẹbí ló mọ ẹni tí mò ń bá wí. Mo ní àṣà tó ń sọ fún ọmọ pé ìyá lè dúró, iṣẹ́ ni kò lè dúró, àṣà òfo ni. Mo tún fi ọ̀rọ̀ ẹnubodè kádìí rẹ̀ bí ìṣe mi. Màmá wa jókòó tì mí, wọ́n ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe ń jáde ní kíláàsì ní Al-Abidiyah, fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ mi?"

Mo wọ inú ọkọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti to ìbáwí sẹ́nu.

"Mi ò níwèé," ó ní.

Mo ní ìwé wo?

"Ìwé kankan."

Físà akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e lọ ti kú láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe ìwé. Kí ìwé tó jáde, ọkọ ti kó jáde, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Èyí àbúrò ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Bó bá fi lè kúrò nílùú náà pẹ́nrẹ́n, ó di ọdún mẹ́wàá kí ó tó lè ní òun fẹ́ padà wọlé.

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ lẹ sì ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ó ní kí n fi Àlùkùránì búra pé màmá wa ò ní gbọ́. Gbogbo Ìwó ni wọ́n ti sọ fún pé ọmọ àwọn ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ní ọkàn wọn ò ní gbà á. Mo búra. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tó torí rẹ̀ pè. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti Jímọ̀ wọ òun lára. Òun fẹ́ wá. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà òun ṣì dára, òun ti fi gba físà Úmúrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yóò gba àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀ títí... Títí di ìgbà wo? Kò parí gbólóhùn yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ohun tó tọ́ fún wa," ó ní. "Ṣé kí n wá?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mo rò ó. Láti Mẹ́kà dé Jẹ́dà lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ohùn ará Amẹ́ríkà kankan. Mò ń wá ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn, mi ò rí i, ìyẹn gan-an ló sì bà mí nínú jẹ́. Mo gbà, mo sì ṣì gbà títí di òní, pé ìlú tó bá jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ti sá pamọ́ pẹ́ di onílé, ó ti fi ìyà jẹ ẹni tó fi sùúrù tò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlàyé mi, mi ò sọ rí pé ó yẹ kí òfin ní ilẹ̀kùn kan tí ẹni tó ṣẹ̀ lè gbà wọlé wá jẹ́wọ́, kó jìyà tó mọ níwọ̀n, kó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí mò ń gbọ́ nínú ọkọ̀ kì í sọ ọ́. Apá kan ní kí wọ́n lé gbogbo wọn, apá kejì ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ariwo wọn ni èmi náà gbé wá sílé bàbá mi. Bí mo bá ní kó wá, mo ti dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, mo sì ti gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ méjì. Bí mo bá ní kó má wá, ẹ̀jẹ́ màmá wa ò ní ṣẹ, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní fojú kan ọmọ wọn mọ́. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyàwó mi rò pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àdúrà nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Àbúrò bàbá wa kan béèrè láti Ìwó pé ṣé ara mi ò yá ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí màmá wa padà sílé, mo gbé wọn lọ sí Mẹ́kà fún tawáàfù ìdágbére. Àga onítáyà ni wọ́n jókòó sí, èmi ni mò ń tì wọ́n, ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè, níbi tí àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn ti máa ń yí Kábà po. A yí i ká lẹ́ẹ̀méje. A kí ìrun Àsárì, mo sì tì wọ́n sí ibì kan tí wọ́n ti lè sinmi. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọ́n di ojú. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Àbúrò mi ní òun ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé òun dé lọ́túnla, pé yóò ṣì bá màmá, pé ìdáhùn mi nìkan ni òun ń dúró dè.

Mo rìn sẹ́yìn díẹ̀. Mo rò pé mo ti jìnnà tó.

"Má wá," mo ní. "Gbọ́ mi dáadáa. Mo ní o ò gbọdọ̀ wá. Jókòó ti àwọn ọmọ rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní ó tó, mo pa fóònù. Nígbà tí mo yíjú padà, màmá wa ti lajú, tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ta lo ní kó má wá?"

Mi ò lè purọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi ni, Mà."

"Ó fẹ́ wá?"

"Ó fẹ́ wá, Mà."

"Ìwọ lo wá ní kó má wá."

Mo lóṣòó síwájú àga wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ó nídìí."

"Sọ ìdí náà."

Mo la ẹnu, mo rántí ohun tí mo fi búra, mo pa á dé. Wọ́n ń wò mí. Ohùn wọn ò ga rárá nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Àwọn tó o máa ń sọ ní Jímọ̀, tí wọ́n ń ya ìyá lára ọmọ nítorí èrò orí wọn: mo rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà lò ń bá wí." "Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí ọmọ mi yìí, ìwọ lo dí i lọ́nà."

Wọ́n ní kí n ti àwọn sún mọ́ irin etí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, níbi tí àwọn yóò ti rí Kábà dáadáa. Mo tì wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ó tó," wọ́n ní. "Lọ dúró lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ gbàdúrà, mi ò fẹ́ kó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo lọ dúró lọ́hùn-ún. Kò jìnnà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, Yorùbá ni wọ́n sì fi gbàdúrà, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara. Wọ́n ní, "Ọlọ́run, bá mi la ọ̀nà fún ọmọ mi. Ẹni tó bá dí i lọ́nà, ìbáà jẹ́ ọmọ tí mo fi inú mi bí, bá mi mú un kúrò níbẹ̀."

Mo ṣe àmín.