Ọjọ́ tí Bàbá Mi Gbọ́ Àwọn Onílù Mi

Mo fẹ́ràn àwọn onílù tó ń lu orin rọ́ọ̀kì ju àwọn tó ń kọ ọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kó mi sí i. Nígbà tó ń lọ sí òkè òkun, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo sì bá orin rọ́ọ̀kì rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó tún le ju rọ́ọ̀kì lọ, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàlì. Ọ̀rọ̀ inú orin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yé mi, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin yẹn máa ń ké bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn wọn, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù òyìnbó, tirẹ̀ yé mi dáadáa.

Nígbà tó yá, ó di wàhálà. Mo máa ń fi ṣíbí lu tábìlì nídìí oúnjẹ, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ nígbà àdúrà. Ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi ti gba bíírò lọ́wọ́ mi nínú ìpàdé rí, kò sì dá a padà. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó sì jẹ́ díákónì, kì í bá mi jà. Ó kàn máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, á ní, "Ṣé ilé kan ni wọ́n ń wó ni?" Á sì padà lọ gbọ́ ìròyìn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. A rọra wà á láti ilé wa ní Galadimawa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo. Mẹkáníìkì wa jẹ́ ọmọ Nupe, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá. Alhaji ló máa ń pe bàbá mi. Ó ti pẹ́ tí àtisọ fún un pé díákónì ni òun ti sú bàbá mi.

Ó ní ká ṣáná sí ọkọ̀. Ó gbé ẹnu irin sukurudáfà gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó tẹ orí, ó sì ń gbọ́ ọ.

"Pílọ́ọ̀gì kan ń pẹ́ kó tó ṣáná ju àwọn tó kù lọ," ó wí. "Ẹ jókòó, Alhaji. Ẹ jẹ́ kí n parí ti ẹni tó ṣáájú yín."

A jókòó sórí àga ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n gbé sábẹ́ igi. Kò pẹ́ púpọ̀ tí bátìrì fóònù bàbá mi fi kú, kò sì rí ìròyìn gbọ́ mọ́. Ó wo igi. Ó wo àwọn táyà tó wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo èmi.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Ẹ ò ní fẹ́ràn ẹ̀, Dádì."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Mo fi ẹnu íápíìsì kan sí i létí, mo fi èkejì sí tèmi. Ẹni tó yára jù nínú àwọn onílù mi ni mo kọ́kọ́ gbé sí i fún un, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń dún bí òjò ńlá lórí páànù, wàá rò pé èèyàn mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀. Bàbá mi di ojú, ó gbọ́ ọ bó ṣe máa ń gbọ́ ìwàásù.

"Ta ló ń lé e?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, sà."

"Kí ló wá ń sá fún?"

Mo yí i sí òmíràn. Èyí kì í sáré rárá, ṣùgbọ́n tó bá fi igi kan ìlù, àyà rẹ á mọ̀ pé ó kàn án. Bàbá mi mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni.

"Èyí ti gún iyán rí," ó wí.

"Obìnrin ni, Dádì. Òyìnbó ni."

"Ó lè jẹ́ òyìnbó. Ó ti gún iyán rí."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí kì í lù púpọ̀. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀, tó bá sì ti ń ṣe ọ́ bíi pé ó ti gbàgbé, á rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Mo kàn rí i tí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi ń gbéra, tó ń balẹ̀. Nígbà tí orin náà parí, ó ní, "Tún un gbé."

Ibi tí mẹkáníìkì ti bá wa nìyẹn, àwa méjì nídìí okùn íápíìsì kan, tí à ń mi ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń gbọ́?" Bàbá mi yọ tirẹ̀, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà fi àkísà nu ọwọ́ àti etí kó tó gbà á. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ ohun tó dáa, nítorí náà mo gbé akọni mi fún un, ẹni tó yára yẹn. Ó tẹ orí gẹ́lẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ fún ẹ́ńjìnnì.

"Kai," ó wí. "Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ń pẹ́."

"Kò lè pẹ́."

"Ọ̀tún ń dé lásìkò. Òsì ò tètè dé. Bíi pílọ́ọ̀gì tiyín yẹn."

Mo jiyàn. Mo sọ fún un pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọkùnrin yìí. Ó ní òun náà ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mo dá orin náà padà, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ ni. Nígbà tí orin náà bá fẹ́ parí, tó ti rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ díẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ máa ń hanrun. Bàbá mi rí ojú mi, ó sì yí ojú tirẹ̀ síbòmíràn kó lè rí ẹ̀rín rín.

"Ẹ má bínú, Hajia," mẹkáníìkì wí. "Ó ṣì ń gbìyànjú."

Ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì náà, ọkọ̀ wá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bàbá mi ló wà á padà sílé. A ò tíì jìnnà tó fi ní kí n so fóònù mi mọ́ rédíò ọkọ̀, kí n gbé bàbá àgbàlagbà yẹn sí i. Ó ń fi ìka méjì lu sítíàrì. Nígbà tí a dé ráńdábáòtù Galadimawa, ó kọjá ọ̀nà ilé wa.

"Dádì, ẹ ti kọjá ilé."

"Mo mọ̀," ó wí, ó sì tún yí ráńdábáòtù náà po. "Jẹ́ kó parí."