Ẹni Tó Ń Bá Mi Dáhùn Lójú Ọ̀nà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a jọ lò kẹ́yìn, ìyàwó mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún mi, ó sì tún un wọ̀ fún mi, nítorí pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti yí wá sókè. "Bàbá Ìbejì," ó ní, "ẹsẹ̀ yín ò tíì mọ̀ bóyá òun wọ nǹkan." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù mí, ẹsẹ̀ náà ń ṣe bí àlejò lára mi.

Lórí sìmẹ́ńtì ilé, mo ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ́ mi ní ìrìn ní ọsibítù sọ pé ilẹ̀ gbágungbàgun ló máa kọ́ mi bí n ó ṣe dúró tí n kò ní ṣubú. Ilẹ̀ gbágungbàgun kò wọ́n wa. Ẹ̀yìn Òkè Mápó ni ilé wa, láàárín àwọn ilé alámọ̀ tí òjò ti wẹ ìpìlẹ̀ wọn síta. Òkúta ló kún ojú ọ̀nà, kòtò àgbàrá sì là á já. Àràárọ̀ là ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Ọjà'ba, tí a ó tún gùn ún padà.

Òkúta kọ́ ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú, ìkíni ni. Ẹnìkan kí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, mo yí orí láti dáhùn, ara tẹ̀ lé orí, mo bá ara mi nínú kòtò. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti gba iṣẹ́ ìkíni lọ́wọ́ mi. Èmi a máa wo ilẹ̀, òun a máa dáhùn, a máa bèèrè ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, a máa ṣe àmín sí àdúrà àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí. Ìyá arúgbó kan tó máa ń jókòó yá oòrùn kì í jẹ́ ká kọjá lásán.

"Tíṣà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín gan-an? Ojoojúmọ́ lẹ ń wo ilẹ̀ kiri!"

"Ẹ bá wa wá a, Ìyá," ìyàwó mi á ní. "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mú ìdajì."

"Ìdajì péré? Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí mà láhun o!"

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, a lọ, a bọ̀. Ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó lọ sinmi. Kò jí mọ́.

A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Àwọn ìbejì wa ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Àbújá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

"Mi ò lè fi ìyá yín sílẹ̀ níbí lóun nìkan," mo ní.

"Dádì, ta ló máa wá bá yín rìn?"

Wọ́n ní bí n kò bá lè dá jáde wá ohun tí n ó jẹ, àwọn ń padà bọ̀ wá mú mi.

Mo gbìyànjú. N kò tíì dé ilé kejì tí "Ẹ kú àsẹ̀yìndè" àti "Ẹ kú ara fẹ́ra kù" fi ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tí yóò bá mi gbà á. Bí mo bá dáhùn, mo lè ṣubú. Bí mo bá dákẹ́, ìwà mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo di ògiri mú, mo padà sílé. Ó pẹ́ kí n tó tún jáde.

Nígbà tí ọbẹ̀ tí àwọn ìbejì sè sílẹ̀ fún mi tán, mo wẹ ata tí àbúrò ìyàwó mi gbé wá, mo dà á sínú ike onídérí, mo forí lé ọ̀nà ilé ẹ̀rọ.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Tíṣà." Ìyá arúgbó yẹn ni.

N kò yí orí. Mo kọ́kọ́ dúró. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ dáadáa, mo wá yí gbogbo ara mi sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ ṣé, Ìyá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa." Ó wo ike ọwọ́ mi. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà kan dé òmíràn. Oòrùn ti mú gan-an kí n tó dé ilé ẹ̀rọ. Wọ́n lọ ata náà fún mi. Nígbà tí mo ń gun òkè bọ̀, díẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀; èyí tó kù tó ọbẹ̀ kan. Mo gbé e kaná.