Ilẹ̀kùn Ilé Ìwẹ̀

Káfíńtà tó ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ilé onílé láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, ibi tí kò ní ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kó ti máa wẹ̀. Ìyẹn ló bí i nínú.

Orí òrùlé ló ti jábọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora nílé ìwòsàn, oògùn náà sì fi í ṣe ilé. Olóògùn àdúgbò tó ń fi ẹ̀rín tà á fún un, tó ń pè é ní oníbàárà àtàtà, òun náà ló kọ́kọ́ sọ fáráyé pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹrù wọn bó bá ń kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wá sílé ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Káfíńtà ṣèlérí fún ìyàwó náà pé bí ara òun ò bá tíì dá, òun ò ní kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bí oògùn ṣe ń kúrò lára ló ń gbọ̀n, tí inú ń run ún, tó ń ṣu, tó ń bì nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, lójú gbogbo ayé.

"Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni?" ó bi Màmá tó ń bójú tó ilé náà. "Ẹ gbé àpò mi fún mi. Mò ń lọ."

Awakọ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà, kí lo ní tó yàtọ̀ sí tiwa?"

"Panu ẹ dé! Ẹnu tìẹ gan-an nílò ilẹ̀kùn."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí níbẹ̀, ó lo oògùn tó gbé pamọ́ sí bàtà lálòjù. Ká tó já ilẹ̀kùn, ó ti kú. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Máa bínú sí mi, ṣáà wà láàyè."

"Màmá, ẹ gba ikú lọ́wọ́ wa, ẹ tún gba ìtìjú mọ́ ọn. Ẹni tí ò nítìjú mọ́, kí ló fẹ́ torí ẹ̀ jáwọ́?"

Màmá lọ gbé àpò rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni kì í fini sílẹ̀: ojú Káfíńtà ti ń wọn férémù ilé ìwẹ̀ náà kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

"Ìdajì ilẹ̀kùn ńkọ́? Láti orúnkún dé àyà. Ẹ ó máa rí ẹsẹ̀, ẹ ó máa rí orí. Kò ní ní kọ́kọ́rọ́, ìta ni yóò sì máa ṣí sí, kí ẹni tó bá ṣubú má baà dí i."

"Ta ló máa kàn án? Wo ọwọ́ ẹ."

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ni."

Wọ́n gbé pákó wá. Màmá jókòó tì í, ó ń na ìṣó sí i. Àtàǹpàkò Káfíńtà jẹ òòlù ju ìṣó lọ, ó sì ń ṣépè fún olóògùn àdúgbò bó ṣe ń kàn án. Ilẹ̀kùn náà wọ́ díẹ̀. Ká ní ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ni, ì bá tú u palẹ̀.

Ó wọlé, ó fà á dé.

"A ṣì ń rí orí ẹ o!" Awakọ̀ pariwo.

"Orí mi ni kó o máa wò. Ìyàwó mi ló ni ìyókù."

Inú ṣì ń bí i nígbà tó jáde. Kò béèrè àpò mọ́. Pákó ló béèrè.

"Ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin ńkọ́, Màmá? Ṣé àwọn ò lójútì ni?"