Ooru Inú Àpótí

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà náà ti kú láàárọ̀ yẹn, aago kan ọ̀sán sì ti lù. Obìnrin tó ni ín dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ wò níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní kóòtù, kó sì sọ ọ́ di ìwé: ohun tí agbẹjọ́rò bi ẹlẹ́rìí, ohun tí ẹlẹ́rìí fi fèsì, títí kan ikọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe é nínú ilé. Ẹsẹ̀-ò-balẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, torí kì í jókòó pẹ́ níbì kan. Etí rẹ̀ nìkan ló ní sùúrù.

Aago mẹ́rin ni akọ̀wé kóòtù ń retí ìwé ẹjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ẹlẹ́rìí ìkẹyìn nìkan ló kù. Ìwé tó fi ránṣẹ́ ṣáájú èyí fi ọjọ́ kan pẹ́. Akọ̀wé náà ò bínú. Ó kàn sọ lórí fóònù pé, "Tí eléyìí náà bá pẹ́, màá wá ẹlòmíràn."

Òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà ní Sátidé tó kọjá. Ó tẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó ń wo fídíò, ó ń dè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé o ò ní jó wa mọ́lé báyìí?" Nígbà tó tàn, ọkọ yìí kan náà ló lọ pe aládùúgbò wá wò ó.

Àmọ́ iṣẹ́ tó wúwo ò tíì kàn án. Àárọ̀ yìí ló kọ́kọ́ ní kó fọ ariwo kúrò nínú ohùn ẹlẹ́rìí. Ooru próséṣọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, gun ìwọ̀n àádọ́rin, ó gun àádọ́rùn-ún, ó kan ọgọ́rùn-ún, ojú ẹ̀rọ sì ṣú.

Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀rọ náà. Fáànù ń yí. Kò sí eruku. Ó tún wáyà tò. Ó gbé fáànù yàrá wá, ó kọjú rẹ̀ sí i. Ó tún kú.

"Ìyàwó, ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ yìí ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Jókòó."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ láti pálọ̀. Ìyá yìí kì í bọ́ náílọ́ọ̀nù kúrò lára ohun tuntun. Àga pálọ̀ ti lo ọdún mẹ́fà nínú tiẹ̀. Rìmóòtù wà nínú méjì.

"Ẹ̀rọ yìí ló ń gbóná, Màmá."

"Ìwọ náà ń gbóná."

Obìnrin náà tún tan ẹ̀rọ, ó dúró tì í títí ooru fi gòkè. Ó wá fọwọ́ kan irin ńlá tó jókòó lórí próséṣọ̀, èyí tó yẹ kó máa gba ooru lára rẹ̀. Irin náà tutù nini. Ọpọlọ ń jó, irin ò mọ̀.

"Ooru ò dé ara irin yìí," ó sọ fún ara rẹ̀. "Kí ló dí i lọ́nà?"

"Ìdí irin náà ńkọ́?" Màmá bi í.

"Mo ti bọ́ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bo ìdí ẹ̀ wá láti Sátidé. Ó dá mi lójú. Mo bọ́ ọ tán ni mo lọ ṣílẹ̀kùn."

Náílọ́ọ̀nù àga dún ní pálọ̀. Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Irin tí ìdí ẹ̀ ń dán bíi dígí yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Èyí tó o fi sílẹ̀ lórí tábìlì láìbò?"

Obìnrin náà yíjú pa dà díẹ̀díẹ̀. "Màmá."

"Mo rí náílọ́ọ̀nù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo nù ún, mo lẹ̀ ẹ́ pa dà. Mo ní kí eruku má bà á jẹ́." Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò hàn rárá."

Aago méjì ti kọjá. Kò sáyè ẹ̀rín, kò sáyè ìbínú. Obìnrin náà pa ẹ̀rọ, ó tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí irin náà dojú sókè. Náílọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, ó mọ́ bí omi, ìkunra tó yẹ kó so irin mọ́ próséṣọ̀ sì ti yí i lára. Ó bọ́ ọ. Ó nu ojú méjèèjì. Ó tẹ ìyókù ìkunra jáde nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ.

"Ẹ bá mi tan iná fóònù sí i, mà."

Màmá tàn án. Kò mí títí ìdè kẹrin fi le.

Ooru gun àádọ́ta. Ó gun ọgọ́ta. Ó dé méjìlélọ́gọ́ta, ó dúró síbẹ̀. Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó gbé ẹ̀rọ àgbọ́sétí wọ̀. Ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ó ń rìn káàkiri yàrá títí èsì akọ̀wé fi wọlé: "Ó ti dé. Òmíràn ń bọ̀ lọ́la."

Nígbà tó jáde sí pálọ̀, Màmá ti di etí náílọ́ọ̀nù àga mú.

"Ṣé kí n bọ́ eléyìí náà?"

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Àga kì í gbóná."

"Torí pé o ò jókòó lé e pẹ́ rí ni."

Ó jókòó. Náílọ́ọ̀nù dún lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò dìde. Ó tẹ́tí sí yàrá kejì, níbi tí fáànù kékeré inú ẹ̀rọ yẹn ṣì ń yí.